Abẹ́rẹ́ Choclo Di Ọdún Méjì Sí I

Nélida ọmọ mi,

Ṣé ara yín le ní Milano, ìwọ àti ọkọ rẹ? Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, àgbàdo wa sì yọmọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ajá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n gún Choclo ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbàgede, wọ́n so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti gbà á. Bàbá rẹ wẹ ajá, ó tú ọ̀já dànù. Àwọn elábẹ́rẹ́ dé ojúlé wa, wọn ò rí ọ̀já, ni wọ́n bá tún gún un. Mo jẹ́ kí wọ́n gún un, mo rò pé èrè ni. Mo tún fà á lọ sọ́dọ̀ Dókítà Huamaní, oníṣègùn ẹran, fún abẹ́rẹ́ àwọn àrùn yòókù, torí ìwọ ní ọdọọdún ni.

"Màámá, ṣé ẹ fẹ́ sọ ajá di asẹ́ ni?" Ó wo káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ti dìgbòlugi, ọdọọdún ni, bí ìlú ṣe wí. Ti àwọn yòókù, ẹ ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ti tó àgbà ajá."

Ohun tí a ó máa ṣe nìyẹn, má bá mi jà. Mo bi í bóyá Choclo á ṣì wà láyé nígbà náà. Ó fetí sí àyà ajá, ó ní, "Àyà ọmọ ajá ni!"

Ó ti kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn sí káàdì: ọdún méjì sí i, oṣù kẹjọ. Kí Ọlọ́run la ọ̀nà fún ọ. Ìwọ ni kó o wá di ajá mú fún abẹ́rẹ́ náà.

Ìyá rẹ,
Domitila