Ohun Tí Mo Kọ Sókè Pátákó

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú ètò wa lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, n kò kọ ọ́. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí.

Ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ní ìdajì àti ìdámẹ́rin láti ọ̀sẹ̀ keje lọ. Bẹ́ẹ̀, àyọkúrò lásán kò tíì yé wọn. Ọmọ tí kò tíì rìn, ta ní í ní kó sáré? Ni mo bá ń kọ "Ìdajì àti Ìdámẹ́rin" sókè pátákó láràárọ̀ nítorí ojú ayé, a ó wá jókòó ti ìdérí ìgò, a ó máa fi ṣe àyọkúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó yé wọn yékéyéké. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Àfi bí alábẹ̀wò ilé ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ṣe wọlé lójijì. Ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Adájọ́, torí pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ni ọkùnrin náà bi léèrè: "Kí lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ yìí?"

Adájọ́ wo pátákó, ó wò mí, ó ní, "Ìdajì àti ìdámẹ́rin ni, sà."

Alábẹ̀wò yìn mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá rọra bá mi nídìí tábìlì: "Àǹtí, ṣé ohun tí mo sọ yẹn tọ̀nà?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọ̀sẹ̀ kan rèé, n kò tíì dá a lóhùn. Kí ni kí n wí fún un?