Agolo Kọfí Mẹ́rin, Antẹ́nà Kan: Ìgbésí Ayé Olóògbé Alden Kvamme

Ní oṣù kẹta ọdún 1938 ni a bí bàbá wa, Alden Kvamme, sí oko màlúù oníwàrà lẹ́bàá Decorah, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Torvald àti Inga Kvamme ni òbí wọn. Ní 1956 ni wọ́n jáde ilé ìwé gíga, tí wọ́n sì di òṣìṣẹ́ wáyà tẹlifóònù. Ní 1961, wọ́n fẹ́ màmá wa, Marlys, nínú ìjọ Luther tí a péjọ sí lónìí yìí.

Ní 1974, bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, Ọ̀gbẹ́ni Duane Hruska, dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ti ilé wọn fi rédíò bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, rédíò mẹ́rin máa ń fi antẹ́nà kan ṣoṣo gbọ́hùn nínú pápá wa. Kí ariwo ẹnì kan má baà bo ti ẹnì kejì, olúkúlùkù a fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe asẹ́ rédíò sínú agolo kọfí: wáyà tí a wé, tó máa ń dí ohùn rédíò àwọn yòókù kó má baà wọlé. Inú ihò tirẹ̀ lára àpótí antẹ́nà ni olúkúlùkù máa ń ki wáyà agolo rẹ̀ bọ̀; ihò kẹrin ni ti Ọ̀gbẹ́ni Hruska.

Ibi tó ń ti ìdílé yìí lójú la dé yìí, ṣùgbọ́n bàbá ní a kò gbọdọ̀ fò ó. Níbi ìdíje 1987, gbogbo ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Hruska bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò wọn ni ariwo ń bo rédíò bàbá. Bàbá dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Duane, ṣé asẹ́ lo pe èyí ni, àbí apẹ̀rẹ̀ tó ti jádìí? Gbé agolo ẹ kúrò lára antẹ́nà mi jàre!"

"Alden, yẹ tìẹ náà wò ná."

Ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Hruska yọ wáyà wọn, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé, wọn kò sì padà wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá tú agolo tiwọn. Wáyà ẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, èyí tó so ó mọ́lẹ̀, ló já; asẹ́ tiwọn ni kò ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìtìjú bò wọ́n. Màmá ní kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. "Màá lọ lọ́la" ni wọ́n ń wí ṣáá. Wọ́n di díákónì, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ní rédíò, síbẹ̀ tí wọ́n bá pàdé Ọ̀gbẹ́ni Hruska níbi tí a ti ń ta ọkà, bàtà ara wọn ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà sí ihò kẹrin, ti Ọ̀gbẹ́ni Hruska, lára àpótí antẹ́nà.

Lórí àìsàn ni wọ́n ti sọ fún Karin ọmọ wọn pé, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú mi. Ojú ń tì mí, mi ò lè sọ ọ́ fún un."

Bàbá fi màmá wa, Karin àti Leif, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sáyé lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Hruska, bí ẹ bá wà láàrin wa, agolo bàbá wa ló bàjẹ́, kì í ṣe tiyín. Ihò kẹrin ṣì ṣófo, ó ń dúró dè yín.

Bàbá, a ti bá yín sọ ọ́ fún wọn. Ẹ lè sùn báyìí.