Olóògbé Bozsó Piroska (1951–2023): Òṣìṣẹ́ Tó Bá Eku Gbé Ẹrù Rẹ̀ Wò

Ìlú Makó, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Hungary, ni a bí Màmá wa, Olóògbé Bozsó Piroska sí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951. Bàbá wọn, Gergely, jẹ́ atúnaagoṣe; ìyá wọn, Etelka, wá láti ìdílé àgbẹ̀ alálùbọ́sà. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì bàbá wọn ni Màmá ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀mú gbé irin tí kò nípọn ju irun orí lọ.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní Szeged ní ọdún 1969. Ní ọdún 1974, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Halmai Dezső, awakọ̀ ojú irin ìgboro, ẹni tó ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2016.

Láti ọdún 1970 títí di ọdún 2013, Màmá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan tó ń wo ìwà ẹranko. Àwọn ló ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí eku ń dé sórí bíi fìlà, tó ń ta iná díẹ̀ sí ọpọlọ rẹ̀ bó ti ń rìn káàkiri láìsí wáyà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lendvai Ottó, fẹ́ tẹ àbájáde iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jáde: bí iná bá ti kan ọpọlọ eku, òsì ló ń yà sí. Orúkọ Màmá wà lára àwọn òǹkọ̀wé, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé náà kó tó lè jáde, Màmá rí i pé bátìrì eku kan ti kú láti àná, síbẹ̀ ó ń yà sósì. Wọ́n pa ẹ̀rọ àwọn tó kù. Òsì náà ni. Apá òsì ni Màmá fúnra wọn lẹ bátìrì mọ́, ìwúwo rẹ̀ sì ń fa orí eku sósì. Eku tí kò dé nǹkan kan ni gbogbo wọn ti fi ń ṣe ìfiwéra látọjọ́ yìí, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi fura.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó máa ń gé Piroska kúrú sí Piri, bẹ̀ wọ́n: “Àǹtí Piri, ọdún mẹ́ta o! Ta ló máa wá yẹ bátìrì wò?”

Màmá fèsì: “Ọ̀gá, ẹ gbé àpò àlùbọ́sà Makó kan lé èjìká òsì, kẹ́ ẹ rìn dé ibùdókọ̀. Tẹ́ ẹ bá yà sọ́tùn-ún, màá buwọ́ lù ú.”

Màmá kò buwọ́ lù ú. Ìwé náà kò jáde. Oṣù mẹ́rin ni ọ̀gá kò fi kí wọn. Màmá gbé bátìrì sí àárín. Eku rìn tààrà. Orúkọ wọn kò hàn lórí ìwé ìwádìí kankan títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n òfin wọn ṣì wà lára ògiri níbẹ̀: kí a tó tan ẹ̀rọ, kí eku kọ́kọ́ dé e fún odindi ọjọ́ kan láìsí iná nínú rẹ̀.

Ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni Màmá. Wọ́n tún aago ilé ìjọsìn ṣe fún ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ṣe fún àwọn àgbà àdúgbò.

Wọ́n papò dà ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Tünde àti Kálmán, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Csenge, Bulcsú àti Emőke. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lendvai ló kọ́kọ́ kọ̀wé sínú ìwé ìbánikẹ́dùn: “Àǹtí Piri, mo gbé àpò yẹn wò. Òsì ni mo yà sí.”

Màmá, ẹrù ti kúrò lórí. Ọ̀nà tààrà ni kí ẹ bá lọ. Ẹ sùn re o.