Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Fi Awò Ojú Mi Sílẹ̀

Àbígbẹ̀yìn mi,

Tó o bá rí awò ojú mi lórí ìwé yìí, má gbé e sáré tẹ̀ lé mi. Mo ti padà síbi àjọ̀dún sinimá àgbáyé tó o ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún mi.

Lánàá tí mo gbàgbé awò náà sílé, mi ò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán kà. Ìyá àgbà àlejò kan tó jókòó tì mí, tó gbọ́ èdè inú fíìmù náà, bá ń fọwọ́ júwe ẹ̀ fún mi. Èmi náà ń fi Yorùbá dá a lóhùn. A ò gbọ́ra wa rárá, àmọ́ nígbà tí ìyá inú fíìmù jágbe mọ́ ọmọ ẹ̀ tán, tó wá yọ́ lọ bu oúnjẹ pa mọ́ fún un, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà náà ti ń dúró dè mí báyìí.

Bàtà tó o bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí mo torí ẹ̀ jágbe mọ́ ẹ láàárọ̀ tó o fi jáde láìjẹun, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Oúnjẹ ẹ wà nínú ìkòkò kékeré, lẹ́yìn ìkòkò ńlá. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ rí i.

Ìyá ẹ