Gbogbo Idẹ Ni Kó Dán

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Rédíò mẹ́ta tún kú lónìí. Ó di mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlélógún. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n tíì lò lọ́wọ́ wa! Èmi ni mo fi ọdún kan gbáko kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ra rédíò tí ọ̀tá ò lè tẹ́tí sí. Wọ́n rà á. Wọ́n tún fi mí ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù tó ń tọ́jú rẹ̀ — sájẹ́ńtì obìnrin àkọ́kọ́ lórí àga yẹn. Ṣé wọ́n á wá fi mí ṣẹ̀sín ni?

Ọ̀gá Kí-Ni-Ìdí wọlé. (Kọ̀mándà wa ni. Inú ìwé yìí nìkan lorúkọ yẹn wà o.) "Sájẹ́ńtì, kí ni ìdí?" Mo ní mo ṣì ń wá a, sà. Ó ní tí gbogbo wọn ò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò ńlá, ọjọ́ kọkànlélógún, wọ́n á kó wọn padà, wọ́n á sì tú ṣọ́ọ̀bù wa ká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kì í ṣe òjò. Kì í ṣe eruku. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo tú ọ̀kan palẹ̀ pátápátá. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, mo sọ òkò ọ̀rọ̀ sí wọn dáadáa. Dákẹ́dákẹ́ — kọ́pùrà mi, obìnrin tó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìlanu — dúró lẹ́yìn mi bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Mo ní, "Ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, mà." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọjọ́ dídán. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù jókòó yí agolo pọ́líìṣì ká, àkísà lọ́wọ́: bẹ́líìtì, bọ́tìnnì, rédíò, gbogbo ẹ̀. Òfin kìíní tí mo fọwọ́ ara mi kọ sí ògiri nìyẹn: GBOGBO IDẸ NI KÓ DÁN. Bàámi ló kọ́ mi. Ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe ṣọ́jà, ẹnikẹ́ni ò bá ìdọ̀tí lára bẹ́líìtì rẹ̀ rí. Mo wo àwọn èèyàn mi, orí mi wú.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo jẹun lọ́dọ̀ Bàámi. Ó ń nu bẹ́líìtì àtijọ́ yẹn lọ́wọ́, bí ẹni tó ní paréèdì lọ́la. Ó fi idẹ rẹ̀ hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwòrán ẹyẹ wà níbí tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń nù ún ni mo ń họ ọ́ dànù."
Mo rántí àwọn rédíò wa, mo sì gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10
Òun náà ni. Ojú idẹ mẹ́rin tí bátìrì fi ń kan rédíò — wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́ pa á lójú, a ti nù ún lọ, iná bátìrì ò sì wọlé dáadáa mọ́. Àwa fúnra wa! Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì! Òfin mi!
Mo pe Dákẹ́dákẹ́. Ó ní òun ti fura láti oṣù tó kọjá. Kí ló dé tí kò sọ? Ó wo ògiri. "Òfin yín ni, mà. Ta ni mo jẹ́?"
Ó dùn mí wọra. Ọdún kan ni mo fi ń bẹ àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n gbọ́ tèmi. Ẹni tó wà lábẹ́ mi ò sì lè bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
A ní ojú idẹ tuntun nínú àpótí. Mo lè pààrọ̀ wọn kí n sì di ẹ̀bi ru àwọn tó ṣe rédíò. Ta ló máa mọ̀?
Èmi. Àti Dákẹ́dákẹ́.

Ọjọ́rú, 12
Mo lọ bá Ọ̀gá Kí-Ni-Ìdí. "Kí ni ìdí?" "Èmi ni ìdí, sà." Mo sọ gbogbo ẹ̀ tán. Mo tún bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan méjì: ká má fojú lásán yẹ rédíò wò mọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ kí ọ̀gá gbọ́; ká sì so ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó kéré jù kọ ohun tó bá rí síbẹ̀, láìsí ìyà. Ó ní kí n lọ tún rédíò ṣe ná.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
A ti pààrọ̀ gbogbo ojú idẹ, kò sì sí pọ́líìṣì lónìí. Ọwọ́ wa ò mọ ibi tó máa yà sí. Mo ti so ìwé náà kọ́, fún ṣọ́ọ̀bù tèmi nìkan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Sájẹ́ńtì, ẹ má gbé tíì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò mọ́." Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn! Mo gbé tíì mi kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
MẸ́RÌNLÉLÓGÚN! Gbogbo wọn sọ̀rọ̀, láti orí òkè títí dé etí odò. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.
Lẹ́yìn náà, níwájú gbogbo èèyàn, Ọ̀gá pè mí jáde. Mo rò pé oríyìn ni. Ó ní, "Sọ ohun tó pa àwọn rédíò fún wọn." Yéè! Mo sọ ọ́: òfin mi ni. Ọ̀gá bá bọ́ síwájú, ó ní òun náà ti kó àwọn ọmọ ogun gba ọ̀nà tí kò dáa rí. Dírẹ́bà òun mọ̀, kò lè sọ. Ó ní láti òní lọ, ìwé á wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ibi iṣẹ́, títí kan ọ́fíìsì òun.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàámi. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ló fa wàhálà yìí. Ó ní nínú ọgbọ̀n ọdún, òun ò láyà àtisọ irú ẹ̀ níwájú ọ̀gá òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọlé, ó gbé bẹ́líìtì náà jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.
"Gbé e kọ́ sí ògiri yẹn, níbi tí òfin rẹ wà. Kó o kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé bàbá ẹ náà nù ún jù."