Kókó Tó Ń Ṣí Kiri Lábẹ́ Awọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú ètò. Ẹ má dárúkọ mi o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ọ̀mù-Àrán.

Kókó kan yọ ní ìhà mi, ó ń yún mi. Nígbà tó yá, ó ṣí lọ sí ikùn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta oògùn, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ignatius, gbé awò ojú wọ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ yín ló gbóná."

Mo gba ọsibítù lọ. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹja tẹ́ ẹ̀ ń jẹ máa ń jinná?" Ó ní ó jọ aràn inú ẹja, ó sì fún mi lóògùn.

Bí èmi àti Ignatius bá gbọ́n omi odò láti kó ẹja, etí odò náà la ti ń sun ẹja jẹ láìdúró kó jinná. Ignatius jẹ jù mí lọ. Láti àná ló ti ń họ ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀fọn ni. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ tí yóò fi bá mi dé ọsibítù?