Ẹ̀gúsí Bíbó Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ọjọ́ Ajé, 23 Sẹpitẹ́ńbà 2024
Kifayah dé sí Erúnmu láàárọ̀. Dókítà Kifayah, olùkọ́ yunifásítì, ọmọ Gàfárù ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ — mo máa ń gbàgbé pé kì í ṣe èmi ni mo bí i. Ó wà ní kíláàsì kẹfà nígbà tí mo lọ bá bàbá rẹ̀ lóko, mo bẹ̀ ẹ́ kó má yọ ọmọ náà kúrò nílé ìwé. Gàfárù ní, "Tíṣà, tó bá mọ̀wé tán, ta ni yóò máa bó ẹ̀gẹ́?"

Ìwà ọlọ́pàá ló ń wádìí, ó di ọdún mọ́kànlá báyìí: ṣé àṣẹ tí àwọn ọ̀gá ń kọ sórí ìwé máa ń dé ojú títì? Àṣẹ tuntun kan ń bọ̀ ní 7 Ọkitóbà, pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ dá ọkọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láìsí ẹ̀sùn. Ó fẹ́ ka ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń dá dúró lójú ọ̀nà wa níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí ni yóò gbé síwájú àwọn tó ń yan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n! Láti inú kíláàsì mi tí òrùlé rẹ̀ ń jò!

Mo yá a ní àpótí ìjókòó, mo fi ọgbọ́n lé e. Tó bá mú bírò dání, wọ́n á fura. Kó máa bó ẹ̀gúsí.

Ọjọ́bọ̀, 26
Ó ṣiṣẹ́! Ìborùn lórí, igbá méjì níwájú. Ọkọ̀ tí wọ́n bá dá dúró, hóró kan sínú igbá ọ̀tún. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, igbá òsì. Ta ló ń wo obìnrin tó ń bó ẹ̀gúsí? Ọlọ́pàá kan tiẹ̀ bi í pé, "Ìyá ẹlẹ́gùúsí, èló ni kóńgò?" Nírọ̀lẹ́ a ka igbá òsì: mọ́kàndínlógójì.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Ọkitóbà
Ìsìn ìdúpẹ́. Mo máa ń fi àwọn tó ń pẹ́ nídìí makirofóònù ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni èmi náà lò. Mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi — Mùsùlùmí ni, Ọlọ́run kan náà ló dá wa — tó jókòó sójú ọ̀nà wa yìí gan-an, tó ń wo bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe, tí yóò sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. "Àmín!" Ti Ìnsípẹ́kítọ̀ Jonathan, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ọ̀nà náà, ló ròkè jù. Ó tiẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ọmọlúàbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Ìyanu. Lánàá, hóró mẹ́ta péré ló wọ igbá òsì. Lónìí, ẹyọ kan. Wọ́n ń kí awakọ̀ pé "ẹ kú ìrìn". Ọ̀kan bá ìyá arúgbó gbé àpò gààrí sọdá títì. Inú Kifayah dùn bí ọmọ kékeré: "Tíṣà, àṣẹ náà ṣiṣẹ́! Ó dé ojú títì!" Mo ti ń rò ó pé aṣọ wo ni n ó wọ̀ lọ́jọ́ ìwúyè.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Jonathan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ṣé ọmọ yín ò tíì parí ni? Ẹ̀rín ti ń dun àwọn ọmọ mi lẹ́nu o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, àṣẹ tuntun ló ń ṣe wọ́n. "Àṣẹ wo, sà?"
Kò rí ìwé kankan. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó panu mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Mo lè dákẹ́. Jonathan kò ní sọ. Kifayah yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo wa yóò jẹun. Mo rò ó títí tíì mi fi tutù. Mo bá dìde, mo lọ bá a lójú ọ̀nà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.
Kò pariwo. Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, "Tíṣà, ẹ rántí ọjọ́ tí mo jí ìṣirò Fàdìlàt wò, tí mo gba gbogbo rẹ̀?"
Mo ní mo rántí.
"Òdo lẹ fún mi. Ẹ ní ohun tí kì í ṣe tẹni, bó dáa, bí kò dáa, òdo ni."
Ó da ẹ̀gúsí bíbó náà sínú ọ̀rá, ó gbé e fún mi. "Ẹ fi se ọbẹ̀, sà."

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Kò pè. Ọ̀rá ẹ̀gúsí wà lórí tábìlì. Mi ò lè sè é.

Ọjọ́bọ̀, 24
Ó pè lánàá pé kí n wá gbọ́ àbájáde iṣẹ́ òun. Mo gba ọ̀nà Ajíbọ́dé wọ yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ka oyè ara rẹ̀. Mo ní ẹnìkejì nídìí makirofóònù.
Kifayah fi ìlà kan tó dúró fún hóró igbá òsì hàn lára ògiri. Láti orí òkè ló ti já bọ́ sílẹ̀ ní 7 Ọkitóbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Àṣẹ náà kò dé ibẹ̀ rárá. Ìròyìn pé ẹnì kan ń wò wọ́n ló dé ibẹ̀." Ó ní òun yọ iṣẹ́ náà kúrò, òun yóò tún un kà lójú ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn ni pé orúkọ rẹ̀ kò ní sí láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn lọ́dún yìí.
Ọlọ́yè ìṣẹ́jú mẹ́fà ní, "Dókítà, ta ló ba iṣẹ́ yín jẹ́ báyìí?"
"Ẹni tó kọ́ mi ní ìṣirò ni, sà. Òun náà ló wá sọ fún mi."
Mo ṣí fìlà, mo dìde. "Èmi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Ìyá àgbà tó ṣe alága di ọwọ́ mi mú nígbà tí a ń jáde: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fún un ní òdo."
Nírọ̀lẹ́ mo se ẹ̀gúsí náà. Ó dùn.

Ọjọ́rú, 30
Ojú ọ̀nà kan — mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀, kódà síbí. Orí ọ̀kadà ni mo wà. Àwọn ọlọ́pàá nìyí. Obìnrin kan nìyẹn lábẹ́ igi, ìborùn lórí, igbá méjì níwájú. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ọmọ tí kò kí mi láìkúnlẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò mira. Èmi náà kò kí i. Inú mi dùn débi pé ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

Ọjọ́ Àìkú, 3 Nòfẹ́ńbà
Ìsìn ìdúpẹ́. Pásítọ̀ na makirofóònù sí mi: "Bàbá Tíṣà, ẹ ò ní ẹ̀rí fún wa lónìí?" Jonathan yí ọrùn padà wò mí.
Mo ní mo dúpẹ́, orúnkún mi ti sàn díẹ̀. Mo jókòó.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.